Ṣé Abuja ní siti họ́ọ̀lù? Ìbéèrè táwọn èèyàn máa ń bi Àǹtí Fọ́tòkọ́pì

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ṣọ́ọ̀bù fọ́tòkọ́pì ni mo ní ní Garki, ẹ rìn díẹ̀ láti Area 10 ẹ ti dé ọ̀dọ̀ mi, ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì méjì, kọ̀ǹpútà kan, àti jẹnẹrétọ̀ kan tó máa ń wúkọ́ kó tó dìde. Ẹni tó bá ń lọ sí ọ́fíìsì ìjọba, ọ̀dọ̀ mi ló máa kọ́kọ́ yà sí, á ṣe ẹ̀dà ìwé, á ya páásípọ́ọ̀tù, á ní kí n bá òun tẹ lẹ́tà, tó bá wá gbọ́ tí mò ń bá ọmọ mi sọ Yorùbá lórí fóònù báyìí, ìbéèrè bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Èyí tí wọ́n ń bi mí jù ni mo kó jọ síbí kí ọ̀fun mi lè sinmi.

Àǹtí, níbo ni siti họ́ọ̀lù Abuja wà? Mo wá a títí lórí Google, mi ò rí i.

Ẹ ò lè rí i, torí kò sí. Ìlú tó ní National Assembly tí orí rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé, tó ní National Mosque tí òrùlé rẹ̀ ń tàn bíi wúrà láti òkèèrè, kò ní ilé kan ṣoṣo tá a lè nàka sí pé ibí ni ilé ará ìlú, ibí ni wọ́n ti ń jókòó sọ̀rọ̀ ìlú. Bàbá kan láti Ìbàdàn bi mí pé "ẹ ò wá ní Mapo kankan níbí ni?" Mo rẹ́rìn-ín títí. Mapo tí wọ́n ṣí ní 1929, tó jókòó sórí òkè pẹ̀lú àwọn òpó gàgàrà yẹn, kò sí ọmọ Ìbàdàn tí kò mọ̀ ọ́n. Lagos náà ní City Hall tiẹ̀ ní Lagos Island.

Tiwa ńkọ́? Iṣẹ́ tí siti họ́ọ̀lù ń ṣe lóòótọ́ wà, wọ́n kàn fọ́n ọn káàkiri ni. Díẹ̀ wà ní Area 10, díẹ̀ wà ní Area 11, díẹ̀ wà ní Central Area, ìyókù wà lọ́wọ́ àwọn bọ́ọ̀dù oríṣiríṣi. Èyí tó jọ siti họ́ọ̀lù jù nínú gbogbo wọn ni sekitéríàtì AMAC ní Area 10, Garki. AMAC ni Abuja Municipal Area Council, káńsù tó ni àárín ìlú. Tẹ́ ẹ bá sọ fún awakọ̀ pé "Area 10, AMAC", á gbé yín dé iwájú géètì. Ẹ má sọ siti họ́ọ̀lù fún un o, ilé ìtura ló máa gbé yín lọ.

Kí ló wá fà á tí wọn ò fi kọ́ ọ?

Ẹ jẹ́ ká lọ sẹ́yìn díẹ̀. 1975 ni ìjọba Murtala Muhammed gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ pé kí wọ́n wò ó bóyá Lagos ṣì lè jẹ́ olú ìlú, Adájọ́ Akínọlá Àgùdà, ọmọ Àkúrẹ́, ló sì ṣe alága rẹ̀. Wọ́n ní Lagos ti há jù, kí wọ́n wá ilẹ̀ sí àárín orílẹ̀-èdè. Nígbà tó di 3 February 1976, Decree No. 6 jáde, FCT, ìyẹn agbègbè olú ìlú, dáyé. Mínísítà àkọ́kọ́ tí wọ́n fi síbẹ̀ náà, ọmọ Yorùbá ni, Mobọ́lájí Ajóṣe-Adéògùn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń wọkọ̀ ní Utako, òun ni wọ́n sọ títì yẹn lórúkọ rẹ̀, kì í ṣe pé ẹnì kan kàn mú orúkọ náà bọ̀ láti Victoria Island.

Wọ́n parí màsítà píláànù ní 1979, Kenzo Tange, ọmọ Japan, ló sì yàwòrán àárín ìlú. Ẹ wo àwòrán yẹn dáadáa: ilé Ààrẹ, ilé aṣòfin, ilé ẹjọ́ àgbà, àwọn mẹ́ta yìí ló gba orí tábìlì, ọ́fíìsì àwọn mínísítírì tẹ̀ lé wọn sísàlẹ̀. 12 December 1991 ni Babangida kó ìjọba dé. Ìjọba ni wọ́n kọ́ ìlú náà fún. Àwa ará ìlú, ẹni tó ń ta búrẹ́dì, ẹni tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì, àlejò la jẹ́ nínú píláànù yẹn, bẹ́ẹ̀ àwọn Gbagyi, àwọn Koro, àwọn Gade tó ti ń dáko níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mú rúlà, àwọn gan-an ò tiẹ̀ rí àga gbà. Èmi ò rò pé ìgbàgbé ló fa àìsí siti họ́ọ̀lù. Ẹni tí kò ní í ṣe ìpàdé ìlú, kí ló fẹ́ fi ilé ìpàdé ṣe?

Ta wá ni mayor Abuja?

Kò sí mayor. Kò sí gómìnà, kò sí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀. Òfin Nàìjíríà ní kí wọ́n máa ṣe FCT bí ẹni pé ìpínlẹ̀ ni, agbára gómìnà wá bọ́ sọ́wọ́ Ààrẹ, Ààrẹ náà sì gbé e fún mínísítà. Láti August 2023, Nyesom Wike ni. National Assembly ló ń ṣòfin fún wa, ibẹ̀ la ti ní sẹ́nétọ̀ kan àti ọmọ ilé aṣojú-ṣòfin méjì péré.

Ẹni tẹ́ ẹ fi ọwọ́ ara yín dìbò yàn tó sì ń ṣèjọba nínú FCT, àwọn káńsù nìkan ni. Mẹ́fà ni wọ́n: AMAC, Bwari, Gwagwalada, Kuje, Kwali, Abaji. Wọ́ọ̀dù 62 ló wà nínú wọn, AMAC ní 12, àwọn márùn-ún tó kù ní 10 ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ní káńsẹ́lọ̀ tiẹ̀. INEC fúnra rẹ̀ ló ń ṣe ìbò wọn, kò dà bíi ti ìpínlẹ̀ yín nílé tó jẹ́ gómìnà ló ń yan àwọn tó ń ka ìbò. Wọ́n dì í ní 12 February 2022, INEC sì fi èyí tó tẹ̀ lé e sí 21 February 2026, ọdún mẹ́rin mẹ́rin ló dà báyìí.

Mo máa ń bi oníbàárà mi pé ta ni káńsẹ́lọ̀ yín? Wọ́n á wò mí bí ẹni pé mo bi wọ́n ní orúkọ ìyá ìyá ọba. Àmọ́ wọ́n mọ orúkọ gbogbo gómìnà 36.

Kí ni káńsù tiẹ̀ ń ṣe gan-an tí mo fi máa da ara mi láàmú?

Ìwé òfin 1999, Fourth Schedule, ló to iṣẹ́ wọn. Ọjà, ibùdókọ̀, ibojì, ilé ìpẹran, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogboògbò, orúkọ títì àti nọ́ńbà ilé, ilé oúnjẹ, ilé ọtí, ilé alágbàfọ̀, bọ́ọ̀dù ìpolówó, ẹran ọ̀sìn tó ń rìn kiri. Wọ́n tún kọ láísẹ́ńsì kẹ̀kẹ́, wíìlìbáárò àti ọkọ̀ ojú omi síbẹ̀, ọkọ̀ ojú omi ní Abuja o, bóyá ti Jabi Lake. Wọ́n tún ní ọwọ́ nínú ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, èyí la fi gbọ́n ní 2025, nígbà tí àwọn tíṣà FCT da iṣẹ́ sílẹ̀ torí owó oṣù tó kéré jù, 70,000 náírà, tí káńsù ò san. Oṣù mélòó kan làwọn ọmọ fi jókòó sílé. Inú ṣọ́ọ̀bù mi ni àwọn ọmọ aládùúgbò ti ń ṣeré, wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe ń to bébà sínú ẹ̀rọ, ìyẹn nìkan ni ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ nígbà náà. Àwọn òbí ń bú mínísítà nìkan, ìdajì wọn ò mọ̀ pé ó yẹ kí wọ́n kan ilẹ̀kùn káńsù náà.

Kubwa ni mò ń gbé. Ṣé AMAC ni tèmi?

Rárá, Bwari ni tiyín. Dutse náà, Bwari. Ibí yìí ló máa ń run owó ọkọ̀ àwọn èèyàn jù. Lugbe, Gwarinpa, Karu, Nyanya, Wuse, Garki, AMAC ni. Zuba, Gwagwalada ni.

Ẹ̀yin ará Mararaba, ẹ gbọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ẹ ò sí nínú FCT rárá. Ìpínlẹ̀ Nasarawa ni Mararaba, ìjọba ìbílẹ̀ Karu, Karu mìíràn ni o, kì í ṣe Karu tó wà nínú AMAC. Ẹ kàn ń sùn níbẹ̀ ẹ sì ń ṣiṣẹ́ níbí. Suleja náà, Niger ni. Arákùnrin kan wá láti Mararaba, ó ti gba àyè níbi iṣẹ́, ó ti rà fáìlì tuntun, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi ó ń nu òógùn, mo ní "níbo lẹ̀ ń gbé?", ó dáhùn, mo ní "ẹ wọ ọkọ̀ padà". Ó wò mí títí kó tó ra pọ́wọ̀tà méjì, ó mu ọ̀kan, ó da ìkejì sórí.

Èmi àti àfẹ́sọ́nà mi fẹ́ ṣe ìgbéyàwó rẹ́jísìrì. Ṣé a lè lọ lónìí ká gbàwé lónìí?

Ẹ ò lè ṣe é. Mo mọ̀ pé ẹnì kan ti sọ fún yín pé òun mọ ẹnì kan. Ẹ gbọ́ bí Marriage Act ṣe là á kalẹ̀.

Ẹ máa kọ́kọ́ lọ fi ìwé sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ́jísírà pé ẹ fẹ́ ṣègbéyàwó. Á kọ ọ́ sínú ìwé ńlá, á sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn lóde kí ẹni tó bá ní ohun tó fẹ́ sọ wá sọ ọ́, bóyá ìyàwó kan wà ní Òṣogbo tí ẹnikẹ́ni ò gbúròó rẹ̀. Ọjọ́ 21 lẹ máa dúró kí sàtífíkéètì tó jáde. Ó kéré tán ọ̀kan nínú yín gbọ́dọ̀ ti gbé ní àdúgbò káńsù yẹn fún ọjọ́ 15. Àmọ́ ẹ má tún sùn lórí ẹ̀ o, tí oṣù mẹ́ta bá pé látọjọ́ tẹ́ ẹ fìwé sílẹ̀ tẹ́ ẹ ò tíì ṣe é, gbogbo ẹ̀ ti di òfo, ẹ máa padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Láísẹ́ńsì pàtàkì wà fún ẹni tí kò lè dúró, àmọ́ ìyẹn ní ọ̀nà tiẹ̀, kì í ṣe ohun tẹ́ ẹ máa bá mi dúnàádúrà lé lórí.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó fúnra rẹ̀, láàárín aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni, ẹlẹ́rìí méjì gbọ́dọ̀ wà, òfin sì ní ilẹ̀kùn gbọ́dọ̀ wà ní ṣíṣí. Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn ṣíṣí yẹn gan-an. Ẹ dúró sí Area 10 lọ́jọ́ tí ìgbéyàwó bá pọ̀, ẹ wo ohun tójú máa rí: ìyàwó oníṣọ funfun dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó oníàárán, gèlè Yorùbá ń gbá fìlà Íbò, àwọn ọmọ Tiv ń fi orin gba ọ̀nà, oníkámẹ́rà mẹ́wàá ń pariwo "ẹ wò mí, ẹ wò mí", ọmọdé kan ń ṣa owó tí wọ́n ná. Ẹni tí kò mọ ìyàwó rí á bá a gbé ìrù aṣọ rẹ̀ kó má wọ ẹrẹ̀. Fún wákàtí bíi mẹ́fà, ibi yẹn di siti họ́ọ̀lù tẹ́ ẹ̀ ń wá kiri, ẹnikẹ́ni ò sì kọ́ ọ fún ìyẹn.

Nǹkan kan ṣoṣo tí mo fi ń bẹ yín: ẹ wo orúkọ yín kẹ́ ẹ tó tọwọ́ bọ̀wé. Ẹ wò ó lẹ́ẹ̀mejì, kẹ́ ẹ pe ẹlòmíràn kó bá yín wò ó. Kó rí bó ṣe wà lórí NIN àti páásípọ́ọ̀tù. Nígbà tí mo ṣe tèmi, kì í ṣe Abuja o, ọ́fíìsì kan tí mi ò ní dárúkọ kọ orúkọ bàbá mi ní Akinwumi dípò Akinwunmi, "n" kan ṣoṣo. Ẹ̀ẹ̀mẹrin la lọ síbẹ̀ kí wọ́n tó tún un ṣe. Lẹ́ẹ̀kẹta ọkọ mi ní ṣé a ò kúkú ní pe bàbá ká ní kó yọ ọ̀kan kúrò nínú orúkọ rẹ̀.

Àwọn kan wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Lugbe, wọ́n wọ ẹ̀wù iṣẹ́, wọ́n ní ti káńsù làwọn, pé àwọn máa ti ilẹ̀kùn. Ṣé òótọ́ ni pé káńsù lè gba owó lọ́wọ́ mi?

Ó lè gba owó, àmọ́ kì í ṣe gbogbo owó, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe gbogbo ẹni tó wọ ẹ̀wù aláràbarà ló ti káńsù wá.

Wọ́n ti ṣe òfin kan ní 1998 tó to owó tí ìjọba kọ̀ọ̀kan lè gbà lẹ́sẹẹsẹ. Nínú ti ìjọba ìbílẹ̀, ẹ máa rí owó ṣọ́ọ̀bù àti kíọ́sìkì, owó ilé tí wọ́n ń pè ní tenement rate, owó láísẹ́ńsì ọtí, owó ọjà, owó ibùdókọ̀, owó bọ́ọ̀dù orúkọ ṣọ́ọ̀bù, owó páàkì mọ́tò síbi tí kò yẹ. Owó àríyá àti dídí títì náà wà níbẹ̀, ẹ̀yin olówàm̀bẹ̀, ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń na táńpólì láti ilé dé ilé tí ọkọ̀ aláìsàn ò fi ní rọ́nà gbà. Òfin yẹn kan náà ló sọ pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ gbé igi dínà láti fi gba owó orí.

Bí mo ṣe máa ń ní káwọn èèyàn mi ṣe é rèé. Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní ìwé tó ní orúkọ owó náà, iye rẹ̀, àti ọdún tó wà fún. Tí wọn ò bá ní ìwé, ọ̀rọ̀ parí. Tí wọ́n bá ní, ẹ fọgbọ́n sọ pé ẹ̀ ń bọ̀ ní sekitéríàtì, kẹ́ ẹ lọ lóòótọ́, ẹ fi ìwé yẹn hàn wọ́n ní ẹ̀ka owó kí wọ́n sọ bóyá tiwọn ni. Ẹ sanwó sí àkáǹtì káńsù, ẹ má san sí ti ẹnì kan tó ń jẹ́ Sunday. Ẹ gba rìsíìtì, tó bá sì jẹ́ rìsíìtì POS ni, ẹ yáa mú un wá kí n ṣe fọ́tòkọ́pì ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an. Bébà yẹn máa ń ṣá. Mo ti rí obìnrin tó tọ́jú tiẹ̀ sínú Bíbélì fún odindi ọdún kan, nígbà tí wọ́n padà wá tó fẹ́ fi hàn wọ́n, bébà funfun báláú ló fà yọ. Ó san án lẹ́ẹ̀kejì. Fọ́tòkọ́pì ọgọ́rùn-ún náírà ì bá gbà á.

Omi ò yọ, pàǹtírí ti kún, iná ò sí. Káńsù ni mo máa lọ bá àbí?

Omi, FCT Water Board. Iná, AEDC. Pàǹtírí ní àárín ìlú, AEPB. Tó bá jẹ́ ní abúlé tàbí àdúgbò ẹ̀yìn ìlú, káńsù lè ní ọwọ́ nínú ti pàǹtírí. Ṣé ẹ rí ohun tí mò ń sọ nípa pé wọ́n fọ́n siti họ́ọ̀lù káàkiri? Ibòmíràn, tábìlì kan lẹ máa lọ bá nínú ilé kan, wọ́n á ní "lọ sí wíńdò kẹta".

Ìwé ilẹ̀ ńkọ́?

AGIS, ọ́fíìsì tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ilẹ̀ FCT, ní Central Area. Ẹ má gbàwé ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kẹ́ ẹ tó lọ ṣe sáàṣì níbẹ̀. Ìwé ilẹ̀ tí àwọn káńsù pín tẹ́lẹ̀ ti da omi sínú ojú ọ̀pọ̀ èèyàn ní Abuja, ẹni tó bá fẹ́ ta irú ẹ̀ fún yín á ní "ẹ má ṣèyọnu, wọ́n máa tó yí i padà sí tuntun". Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ yí i padà.

Mo fẹ́ lẹ́tà pé ọmọ ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni mí. Ṣé AMAC lè kọ ọ́?

AMAC ń kọ ti ọmọ onílẹ̀ tiwọn. Tiyín, ìjọba ìbílẹ̀ yín nílé ni, tàbí kẹ́ ẹ kọ́kọ́ béèrè ní líésọ̀n ọ́fíìsì ìpínlẹ̀ yín níbí ní Abuja kẹ́ ẹ tó náwó ọkọ̀ dé Ògbómọ̀ṣọ́.

Sàtífíkéètì ọjọ́ ìbí ọmọ mi?

National Population Commission ló ń ṣe é. Ọ̀fẹ́ ni fún ọmọ tí kò tíì pé 18. Tí ẹnì kan bá ní kẹ́ ẹ mú owó "fáìlì" wá, ẹ bi í pé fáìlì wo.

Àbúrò mi wà ní Kánádà, ó ní siti họ́ọ̀lù tiwọn, àwọn èèyàn máa ń lọ ṣeré níbẹ̀. Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ ni, Toronto nìyẹn. Wọ́n ṣí i ní 1965. Ọmọ Finland kan, Viljo Revell, ló yàwòrán rẹ̀, ó borí àwòrán tó lé ní 500 tí wọ́n kó wá láti orílẹ̀-èdè 42, ó sì kú ní 1964, kò rí ọjọ́ ìṣílé. Ilé gíga méjì ni, wọ́n tẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ méjì tí wọ́n fi ń bo iná àbẹ́là kó má kú, gbọ̀ngàn ìgbìmọ̀ ìlú ló wà láàárín wọn, ó rí rogodo bí àwo ọbẹ̀. Iwájú rẹ̀ ni pápá tí wọ́n fi omi sí. Tí òtútù bá dé, omi á dì, àwọn ará ìlú á gbé bàtà onírin wọ̀, wọ́n á máa yọ̀ lórí ẹ̀. Iwájú ọ́fíìsì mayor o! Ẹ fojú inú wò ó, kí èèyàn máa gbá bọ́ọ̀lù níwájú ọ́fíìsì mínísítà ní Area 11. Kí ẹsẹ̀ ẹ tó kan bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀kejì, ọlọ́pàá mọ́bílè ti dé.

Ti London náà lọ́rọ̀ nínú. 2002 ni wọ́n ṣí i létí odò Thames, Norman Foster ló yà á, gíláàsì ni gbogbo ara rẹ̀, ọ̀nà kan wà nínú rẹ̀ tó ń yí gòkè bí ìkarahun ìgbín, tó gba orí gbọ̀ngàn ìpàdé kọjá. Ohun tí wọ́n ní lọ́kàn ni pé kí ará ìlú lè máa wo àwọn tí wọ́n yàn láti òkè. Àmọ́ owó rẹ́ǹtì ni wọ́n ń san, wọ́n ò ni ilé náà. Nígbà tó wọ́n jù, wọ́n kó jáde, wọ́n lọ sí ilé mìíràn ní Royal Docks láàárín ìparí 2021 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2022. Mo gbọ́ ìyẹn ni mo ní àṣé lándílọ́ọ̀dù ò mọ mayor.

Níbo wá làwa ará Abuja ti ń péjọ tá a bá ní ohun tó ń dùn wá?

Unity Fountain, ẹ̀gbẹ́ Hilton. Ibẹ̀ ni àwọn Bring Back Our Girls ti bẹ̀rẹ̀ ìjókòó wọn ní 2014 lórí àwọn ọmọ Chibok, wọ́n sì ń wá síbẹ̀ lójoojúmọ́ fún ìgbà pípẹ́, wọ́n wọ pupa. Kì í ṣe pé wọ́n kọ́ ibẹ̀ fún ìpàdé, orísun omi lásán ni wọ́n fi ṣe ìlú lẹ́wà, pẹ̀lú orúkọ àwọn ìpínlẹ̀ lára rẹ̀. Ará ìlú ló fi ẹsẹ̀ ara wọn sọ ọ́ di ojúde. Eagle Square tí wọ́n kọ́ fún ayẹyẹ 29 May 1999, ti ìjọba nìyẹn, ẹ máa gba àṣẹ kẹ́ ẹ tó wọlé. International Conference Centre náà, tí wọ́n tún ṣe tí wọ́n sì sọ lórúkọ Ààrẹ Tinubu ní June 2025, ibẹ̀ dára lójú, àmọ́ ẹni tó lè sanwó gbọ̀ngàn ló ni ín.

Tí wọ́n bá ní kí ẹ̀yin sọ bó ṣe máa rí, irú siti họ́ọ̀lù wo lẹ máa ní kí wọ́n kọ́?

Èmi ò fẹ́ gíláàsì. Òrùn Abuja nínú oṣù March àti gíláàsì, ẹ jọ̀ọ́. Mo fẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó fẹ̀, tó ní òjìji, tí èèyàn lè jókòó sí láìsí ẹni tó máa ní "madam, ẹ dìde". Bẹ́ǹṣì tó pọ̀. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó mọ́, tí wọn ò fi kọ́kọ́rọ́ pamọ́ sọ́wọ́ ẹnì kan. Bọ́ọ̀dù kan níta tí wọ́n kọ iye owó ohun gbogbo sí lédè Gẹ̀ẹ́sì, Hausa àti Gbagyi, kí ẹnikẹ́ni má lè fi ẹnu dá iye. Kí gbọ̀ngàn àwọn káńsẹ́lọ̀ wà nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, kí ẹni tó wá san owó ṣọ́ọ̀bù máa gbọ́ ohùn wọn bó ṣe ń kọjá. Àfin ọba wa nílé ní ojúde kó tó ní iyàrá inú, àwọn àgbà tó kọ́ ọ báyẹn mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Àti ṣọ́ọ̀bù fọ́tòkọ́pì kan nísàlẹ̀ ilé náà. Mo ti sọ tèmi.

Ṣé mo lè béèrè bí káńsù ṣe náwó, àbí wọ́n á lé mi?

Ẹ lè béèrè. Òfin Freedom of Information ti wà láti 2011. Ẹ kọ lẹ́tà, ẹ sọ ìwé tẹ́ ẹ fẹ́ rí, òfin ò ní kẹ́ ẹ sọ ìdí rẹ̀. Ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti dáhùn. Ẹ kọ ọ́ ṣókí: "mo fẹ́ rí bọ́jẹ́ẹ̀tì wọ́ọ̀dù Karu fún ọdún yìí". Ẹ ṣe é ní ẹ̀dà méjì, kí wọ́n fi sítáǹpù sórí tọwọ́ yín. Mo ti tẹ irú ẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ kan, wọ́n ní mo gbọ́dọ̀ fi èdè Gẹ̀ẹ́sì ńláńlá sí i, mo ní rárá, èdè ńlá ni wọ́n fi ń sá fún ìdáhùn, ẹ kọ ọ́ kí messenger gan-an lè yé e.

Mi ò gbọ́ Hausa. Ṣé wọ́n á dá mi lóhùn?

Gẹ̀ẹ́sì tàbí pijin tó, kò sí wàhálà. Àmọ́ ẹ kọ́ ìkíni. "Ina kwana" láàárọ̀, "sannu" nígbàkigbà. Yorùbá tó mọ ìkíni kì í pẹ́ lórí ìlà, ẹ̀yin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀ látilé. Ohun tí kò dáa ni kẹ́ ẹ dé ibẹ̀ kẹ́ ẹ rí ẹni tó kọlà, kẹ́ ẹ wá sọ Yorùbá fún un níwájú gbogbo èèyàn kí ó lè gbé yín síwájú. Àwọn tó wà lẹ́yìn yín náà ní ẹ̀gbọ́n.

Aago mélòó ni kí n dé, kí ni kí n mú dání?

Ẹ dé kí aago mẹ́sàn-án tó lù. Ọjọ́ Friday, kẹ́ ẹ ti ṣe tán kí Jímọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, torí lẹ́yìn ẹ̀ ẹ lè má rí ẹnì kankan mọ́ títí di Monday. NIN, páásípọ́ọ̀tù mẹ́rin, ẹ̀dà ìwé gbogbo ní méjì méjì, omi, owó kékeré. Ẹ mú bírò tiyín, dúdú tàbí búlúù, kì í ṣe pupa. Tí ẹnì kan bá yá a lọ́wọ́ yín, ẹ di ìdérí rẹ̀ mú sọ́wọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ bírò yẹn ti di ti ìjọba.